Bí Mo Ṣe Mú Ìdajì Fótò Bọ̀ Láti Ìlú Ọjọ́-Àná

Ẹ sún mọ́ ara yín kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, kí ẹni tó wà níwájú má sì fi orí ńlá dí ojú ọmọlàkejì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u tán báyìí. Mo lọ sí ìlú kan tí ojú yín kò lè dé, nítorí náà etí ni ẹ óò fi wò ó lónìí.

Ọdẹ́bíyì ni orúkọ mi. Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n àlejò wà láàárín wa, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹnì kan lásán ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìbọn ni mo fi ń ṣọdẹ. Ẹkùn tó bá gbọ́ òórùn mi a gba ọ̀nà mìíràn, a sì máa ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi ẹkùn léèrè. Nígbà tó yá, ayàwòrán arìnrìn-àjò kan wọ̀ sí ilé wa, mo kọ́ iṣẹ́ fótò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé iṣẹ́ ọdẹ náà ni. À ń lúgọ, à ń fojú sùn ún, à ń mú èémí dúró, a sì ń yìn ín. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹran tí mo yìn ń dìde, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì ń bi mí pé ìgbà wo ni òun máa wá gbà á.

Kámẹ́rà mi, àpótí ńlá ni, ó tóbi bí àgò adìẹ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní aṣọ dúdú tí mo ń forí bọ̀ lẹ́yìn. Fíìmù rẹ̀ pẹlẹbẹ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń kì í bọ inú àpótí. Mo fi kámẹ́rà yìí ya ọba, mo fi ya ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, mo ya gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí àti àwọn bàbá yín. Ẹnì kan ṣoṣo tí n kò yà rí ni ìyàwó mi, Kẹ́hìndé, tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní kékeré ni Táyé, ìkejì rẹ̀, ti fi ayé sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó ya fótò pọ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa. Tí ìbejì kan bá lọ tí kò ní fótò, ayàwòrán á mú èyí tó kù, á gbé e jókòó, á fi páálí dúdú bo ìdajì fíìmù, á yà á sí ìdajì kejì. Lẹ́yìn náà á gbé páálí sí ìhà kejì, á tún ọmọ náà gbé jókòó, á tún yà á. Bí fótò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀, tí aṣọ wọn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Kẹ́hìndé. Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó fi kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé òun kan náà ni òun jókòó lẹ́ẹ̀mejì.

“Wọ́n fi ojú ara mi parọ́ fún mi,” ni Kẹ́hìndé máa ń wí.

Láti ìgbà náà, kò jókòó fún ayàwòrán mọ́, kò sì wo dígí. Ó ní tí òun bá wo dígí, Táyé ni òun máa ń wá níbẹ̀, òun kì í sì í rí i. Ọwọ́ ló fi ń wé gèlè láìwo nǹkan kan, gèlè náà sì máa ń gún régé ju ti àwọn tó ti dúró sí iwájú dígí láti àárọ̀ lọ.

Ní ọdún kan tí òjò pẹ́ kí ó tó rọ̀, àìsàn dá Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀. Ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀.

“Bàbá Ọdẹ́lolú, mo ti darúgbó. Ibi tí mò ń lọ, Táyé wà níbẹ̀. Ọmọdé ló jẹ́ nígbà tó lọ. Tí mo bá débẹ̀ tí n kò dá a mọ̀ ńkọ́? Tí mo bá kí i bí ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí mo kọjá lọ?”

Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ ná.

“Ẹ lọ yà á wá fún mi. Ojú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́, kì í ṣe tèmi. Tí ẹ bá yà á dé, mo máa jókòó tì í. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé kò sí igbó tí ẹ kò tíì wọ̀.”

Ó dájú pé mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ nígbà tí mò ń wá ojúure rẹ̀, tí mo jókòó sí iwájú ilé bàbá rẹ̀ tí mò ń fi irùngbọ̀n tín-ín-rín ṣe yangà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lè gbàgbé o, àwọn obìnrin kì í gbàgbé. Mo di fíìmù mi sínú àpò, mo gbé kámẹ́rà lé èjìká, mo sì lọ.

Bí mo ṣe rìn ín kò kàn yín. Mo rìn, mo dé Igbó Ẹ-Wò-Mí. Nínú igbó yìí, igi kì í dúró lásán. Wọ́n ń tẹ ìdí, wọ́n ń gbé àyà síwájú, ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka á sì yí ọrùn rẹ̀ síbi tí ó mọ̀ pé ó dára jù. Iwin kan ló ni igbó náà. Olójú-Yíká ni orúkọ rẹ̀, nítorí ojú ló yí gbogbo orí rẹ̀ ká, dé ìpàkọ́, dé abẹ́ àgbọ̀n. Bí ó ṣe rí kámẹ́rà léjìká mi, ó bọ́ sí àárín ọ̀nà.

“Ìwọ ọdẹ, kí lo gbé sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn?”

Mo ṣàlàyé fún un. Gbogbo ojú rẹ̀ tàn.

“Yà mí. Ṣùgbọ́n tí ojú kan ṣoṣo bá padé nínú rẹ̀, inú ikùn mi ni wàá sùn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí ó ṣe ń rí tí a bá ń ya ẹbí tó pọ̀, tí ẹnì kan á ṣáà ṣẹ́jú. Ti iwin yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ojú iwájú bá là, ti ẹ̀gbẹ́ etí á padé. Bí ti ẹ̀gbẹ́ etí bá là, èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n á máa sùn. Mo forí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, òógùn ń ṣàn lára mi. Ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Èmi ronú.

Mo ní, “Kábíyèsí inú igbó, ẹ di gbogbo ojú yín pọ̀. Ẹ má wo nǹkan kan. Tí mo bá ní ó yá, kí ẹ là wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ó di gbogbo wọn. Mo ní ó yá. Wọ́n là pọ̀ bí ìgbà tí a bá ṣí ìdérí ọ̀pọ̀ ìkòkò, mo sì yìn ín kí èyíkéyìí tó rántí ṣẹ́jú. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀ jáde, tí àwọn ìyàwó pe àwọn ọmọ, tí fíìmù mi sì ń dín kù. Nígbà tí ó béèrè pé ìgbà wo ni òun máa gbà á, mo sọ fún un ohun tí gbogbo ayàwòrán ń sọ. Mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní Ẹtì wo? Mo ní èyí tó ń bọ̀. Títí di òní olónìí, Ẹtì náà ṣì ń bọ̀.

Iwin náà fi ọ̀nà Ìlú Ọjọ́-Àná hàn mí. Ibẹ̀ ni àwọn tó tètè fi ayé sílẹ̀ ń gbé, tí wọ́n ń dàgbà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọn ì bá ṣe dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ẹnubodè, ó ń ran òwú. Kò gbójú sókè.

“Kí lo wá mú níbí?”

Mo ní, “Ìyá, mo wá mú ohun tí mo bá mú tán, tí ẹni tó ni ín á ṣì ní i lọ́wọ́.”

Ó ran òwú rẹ̀ títí, ó rò ó. “Olè tí kì í jí nǹkan. Irú yín kò tíì wá síbí rí. Wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́ òfin wa kí o tó wọlé: odindi nǹkan kì í gba ẹnubodè yìí jáde. Ohunkóhun tó bá pé, tí o bá gbé e kọjá ibi tí mo jókòó sí, òfìfo ló máa dà.”

Mo ní kò burú. Nínú mi, mo rò pé ìyá yìí kò mọ irú ọkùnrin tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìlú náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Oòrùn wọn, ti àná ni. Oòrùn tí ayé ti lò tán, tó lọ ń sinmi níbẹ̀. Kì í jó ni lójú. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọ àdúgbò, àwọ̀ epo pupa ló ní, ó sì ń pẹ́ lára ògiri bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sílé. Ayàwòrán tó bá rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rántí oúnjẹ. Àpáàdì ni wọ́n tò sí ilẹ̀ ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ àwọn ìran tó ti kọjá ti fá a dán. Odi ìlú ga, yàrà tó yí i ká jìn, ewéko tútù hù bò ó. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí láàárín, àwọn ìkòkò ńlá sì jókòó lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ wọn ń dúró de òjò. Wọ́n gbẹ́ ènìyàn sára òpó ilé. Nígbà tí mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀ síwájú ilé kan, ère obìnrin tó kúnlẹ̀ lára òpó tún gèlè rẹ̀ ṣe kí n tó yà á.

Òjìji wọn kì í tètè dé. Ènìyàn á ti kọjá, á ti yà ní kọ̀rọ̀, kí òjìji rẹ̀ tó máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí a fi okùn fà. Mo dúró ní oríta kan, òjìji nìkan ni mo ń yà. Gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń kí mi pé “Ẹ kú àná”, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì ṣe wọ́n lóore kankan. Kò sí ẹni tó ń kánjú. Kò sí ẹni tó ń ru ẹrù, nítorí gbogbo iṣẹ́ ìlú náà, àná ni wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n kàn jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ilé wọn ṣe pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ fún mi. Àwọn bàbá méjì kan, Láṣebìkan àti Gbélékalẹ̀, ilé wọn kọjú síra. Láṣebìkan ní ilé tòun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ìlú, òun sì ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Gbélékalẹ̀ ní nígbà tí wọ́n kọ́ ilé Láṣebìkan, inú ilé òun ni àwọn kọ́lékọ́lé ti jẹun. Láṣebìkan di ẹsẹ̀ kan kámẹ́rà mi mú, Gbélékalẹ̀ di èkejì mú. Mo wá rí i pé ewúrẹ́ kan sùn sí àárín ọ̀nà, láàárín ilé méjèèjì. Mo ní èyí tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó dé ni mo máa yà. Mo ya ewúrẹ́. Kò sí èyí tó lè bá ewúrẹ́ jiyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rìn, tí mò ń yà, tí mò ń ṣí àgbàlá dé àgbàlá, títí tí mo fi tọwọ́ bọ àpò, tí mo bá fíìmù kan ṣoṣo. Ojú tì mí. Ìyàwó mi wà lórí ẹní nílé, èmi ń ya ewúrẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Táyé kíákíá. Ṣé ẹ mọ iye Táyé tó wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń jáde láti inú gbogbo ilé. Níkẹyìn, obìnrin kan ní, “Àbí èyí tí ìkejì rẹ̀ kọ̀ tí kò wá yẹn?” Ó sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà kan.

Mo wọ àgbàlá náà, mo rí ìyàwó mi. Mo fẹ́ bi í pé kí ló wá ṣe níbí. Ojú kan náà, imú kan náà, bí ó ṣe ń fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Irun rẹ̀ ti funfun bíi ti Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan níwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì múlọ́múlọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àna mi.

“Ẹ dìde, ọkọ wa,” ni Táyé wí. “Ẹ̀yin ni kò jẹ́ kí ó tètè wá.”

Mo ní, “Ó ní òun rán yín níṣẹ́, ẹ kò padà wá jẹ́ ẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó ní kí n lọ wò ó bóyá ayé dùn. Mo tọ́ ọ wò, mo rí i pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mo bá tèmi lọ. Mo rò pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo dúró títí.”

Ó wá fi ọwọ́ tọ́ka sí ògiri. Wọ́n fi ẹfun àti osùn kun àwòrán ọmọ méjì síbẹ̀, tí wọ́n jókòó ti ara wọn, tí aṣọ wọn dọ́gba.

“Àwa méjèèjì rèé,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, òun ni wọ́n ń pè ní èyí tó sọnù.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kì í sunkún. Ẹkùn lè jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n mo sun ún lọ́jọ́ náà, mo forí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kí àna mi má baà rí mi. Abẹ́ aṣọ náà ni mo wà tí òye fi yé mi. Odindi kò gbọdọ̀ jáde ní ẹnubodè. Fíìmù kan ló sì kù mí. Mo gé páálí, mo fi bo ìdajì fíìmù náà, mo gbé Táyé jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì ní gbangba, bí ó ṣe yẹ àgbàlagbà. Mo yà á sí ìdajì kan. Ìdajì kejì, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí Táyé gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó bọ́ ìró ẹtù tó ró sí méjì, ó fà á ya láàárín, ó gé gèlè rẹ̀ náà, ó kó ìdajì fún mi.

“Kí ó ró o kí ó tó jókòó,” ni ó wí. “Ẹ sọ fún un pé kí ó má kánjú. Mi ò ní kúrò níbí.”

Ní ẹnubodè, ìyá arúgbó náà ṣì ń ran òwú. Bí mo ṣe kọjá níwájú rẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú àpò mi. Gbogbo fíìmù tó pé ló di funfun. Oòrùn àná lọ, òjìji lọ, òpó lọ, ewúrẹ́ lọ. Olójú-Yíká pàápàá lọ, pẹ̀lú gbogbo ojú tí mo fi òógùn là. Ó dùn mí bí ìgbà tí a bá jí irè ẹni lóko. Mo tú àpò, mo gbé èyí tó gbẹ̀yìn sókè: Táyé nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyá náà wò ó.

“Ibo ni ìyókù rẹ̀ wà?”

Mo ní, “Ìyókù rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé.”

Ó ní kí n máa lọ kíákíá.

Mo bá Kẹ́hìndé láàyè. Nígbà tí mo tẹ́ ìdajì ẹtù sí iwájú rẹ̀, ó fi ojú kan aṣọ náà, ó dìde jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e. Ó ró o, ó fi ọwọ́ wé gèlè. Àga kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀ fún un, kò sì mọ ìhà tí òun máa bọ́ sí. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Obìnrin tó ti sá fún kámẹ́rà mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú. Mo yà á sí ìdajì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, mo wọ inú òkùnkùn lọ fọ̀ ọ́.

Ó jáde. Ìyá àgbà méjì ló jókòó pọ̀ níbẹ̀, nínú aṣọ kan náà. Kẹ́hìndé gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan Táyé.

“Èmi rèé,” ni ó wí. “N kò mọ̀ pé mo ṣì dára tó báyìí. Ẹ kò sì sọ ọ́ fún mi.”

Lẹ́yìn náà ó gbé ìka rẹ̀ sí orí ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

“Táyé rèé. Táyé mi. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, Bàbá Ọdẹ́lolú. Ẹ wo àwọn ọwọ́ yìí. Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń gbé lé ọmọ yìí lórí níbẹ̀? Ta ló ń rán an báyìí?”

Ó bú sẹ́kún. Mo la ẹnu láti sọ fún un pé ara rẹ̀ ló ń wò. Ó gbé ọwọ́ nu ojú, ọwọ́ náà gan-an tó wà nínú fótò, mo sì pa ẹnu dé.

“Ẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀,” ni ó wí nígbà tí ẹkún rẹ̀ dá. “Ẹ padà lọ. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ṣèlérí fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ń jí ṣáájú rẹ̀, mo ń pọn omi odò, mo ń gbá àgbàlá, mo ń gún iyán tó ní kókó. Ẹ̀yin kan tí ẹ wà níbí ti rí mi pẹ̀lú ìkòkò lórí, ẹ sì ti rẹ́rìn-ín dé ilé. Ẹ kú ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kan, Kẹ́hìndé gbé fótò náà lé orí itan, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbálẹ̀.

“Bàbá Ọdẹ́lolú, iṣẹ́ tí mo rán yín sí Táyé ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹ́ ẹ?”

Mo ní, “Mo ti ń jẹ́ ẹ.”

“Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ó jókòó?”

Mo wò ó lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò di nǹkan kan mú àfi fótò náà.

Mo ní, “Ó ti jókòó.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín. Omi ti tán nínú ìkòkò wa.